Áńtíjìn Mi Kò Purọ́

Mo mọ̀ pé mo máa ń fọ́nnu. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ti sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú wọn, ọkọ mi náà ti gba kámú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, tó wá ń dákẹ́, ta ló fẹ́ bá a sọ ọ́? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ọwọ́ ọ̀tún júwe tèmi: èmi ni mò ń ṣe áńtíjìn, áńtíjìn mi sì dára.

Yàrá sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù wa. Yàrá kékeré ni, kò ní fèrèsé, ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ ibẹ̀ láìkọ́kọ́ pààrọ̀ bàtà, kó wọ ẹ̀wù funfun, kó sì fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Inú àpótí ńlá kan tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì mi ń gbé, nínú àwọn ìgò pẹlẹbẹ tí mo tò léra wọn. Mo máa ń bọ́ wọn, mo máa ń pààrọ̀ omi wọn, mo máa ń fi maikirosikópù wò wọ́n láràárọ̀, bí wọ́n bá sì ń ṣe ọ̀lẹ, mo máa ń bá wọn wí. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo wọn máa pè mí ní Ìyá Sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Tí wọ́n bá wá dàgbà tán, tí wọ́n tẹ́ ìsàlẹ̀ ìgò bí ẹní, ni mo máa ń tú fáírọ́ọ̀sì sí wọn lára. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà nìyẹn.

Fáírọ́ọ̀sì tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì. Ìdílé kan náà ni òun àti èyí tó máa ń bó ẹnu èèyàn lẹ́yìn ibà. Ó wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti ní in rí láìmọ̀. Itọ́ ló sábà máa ń gbé e kiri. Á wọlé bí ọ̀fìnkìn, á bá ara fà á fún ọjọ́ díẹ̀, á wá wá kọ̀rọ̀ kan lọ nínú ara, á sùn síbẹ̀ títí ayé. Ẹni tára rẹ̀ le kò ní kà á sí rárá. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, ó lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá, ó lè gba etí ọmọ, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fẹ́ mọ obìnrin tó ti ní in rí àti obìnrin tí kò tíì ní in, kí ẹni tí kò tíì ní in lè máa ṣọ́ra.

Ibẹ̀ ni áńtíjìn ti wọlé. Ara tó bá ti bá fáírọ́ọ̀sì náà jà rí máa ń ní ẹ̀ṣọ́ tó mọ̀ ọ́n, àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í sì í kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Èmi á pa fáírọ́ọ̀sì náà, á kú pátápátá, kò ní lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, màá fọ̀ ọ́ mọ́, a ó wá tẹ́ òkú rẹ̀, òun gan-an là ń pè ní áńtíjìn, sí ìsàlẹ̀ àwo oníhò wẹ́wẹ́. Tí a bá kán omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn sí i, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó bá ti bá a pàdé rí á dì mọ́ ọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi fọ́tò olè han ọlọ́dẹ: tó bá ti lé e rí, á fò sókè. Ihò yẹn á di yẹ́lò. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n rí, ihò tirẹ̀ á mọ́ gaara bí omi.

Tẹ́lẹ̀, òkèèrè la ti ń ra áńtíjìn. Á bá ọkọ̀ òfuurufú dé nínú yìnyín, wọ́n á dá a dúró níbì kan, yìnyín á yọ́, tó bá máa dé ọwọ́ wa, ó ti bàjẹ́. Mo wá lọ bá Ọ̀gá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń darí láàbù, mo ní, "Ọ̀gá, èmi lè ṣe é." Ọ̀gá gbà mí gbọ́, ó kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́. Èsì tí wọ́n fún wa kò gùn. Kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta bá yege, tiwa la ó máa lò. Bí ọ̀kan péré bá kùnà, kí a ti yàrá sẹ́ẹ̀lì, kí a sọ ọ́ di ibi ìkó-ẹrù-sí, kí èmi sì padà sídìí ìgò fífọ̀ tí wọ́n ti mú mi wá. Ti àkọ́kọ́ yege. Ti ìkejì yege. Ti ìkẹta ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń tọ́jú fírísà ní láàbù wa. Òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, òun ló sì sọ fún àbúrò rẹ̀ nígbà náà pé àyè iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ wá gbìyànjú. Kò jẹ́ kí n gbàgbé rí. Opó ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tó gbé omi sórí. Ẹjọ́ kan ni mo ní pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ẹbí ọkọ mi ló ń pè mí ní "ìyàwó wa" tàbí "ìyàwó mi", títí kan ọmọdé tí kò tíì mọ bàtà wọ̀. Òun nìkan ló ń pè mí ní "ìyàwó àbúrò mi". "Ìyàwó àbúrò mi, gba ìgò rẹ." "Ìyàwó àbúrò mi, o ò ti ilẹ̀kùn fírísà dáadáa." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá pẹ́ nílé ọkọ tó bí mo ṣe pẹ́, irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ a máa dun ni. Ó dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló ni Ẹ̀jẹ̀ Mímọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ dán áńtíjìn wò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ oríṣi méjì lọ́wọ́: èyí tó dájú pé ó mọ fáírọ́ọ̀sì náà, àti èyí tó dájú pé kò mọ̀ ọ́n. Ti àkọ́kọ́ kò wọ́n. Èmi ní in, Ọ̀gá ní in, Onímáṣíìnì, ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́nu wẹ́rẹ́ tó máa ń fi máṣíìnì ka àwo, ní in. Èkejì ló ṣòro. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ gbogbo wa wò, ti Ẹ̀gbọ́n nìkan ló mọ́ gaara. Ọ̀gá ló fi àwàdà sọ ọ́ ní Ẹ̀jẹ̀ Mímọ́, ni orúkọ bá mọ́ ọn lára. Wọ́n kọ ọ́ sára bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ń tò ó sí nínú fírísà. Ẹ̀gbọ́n gba oyè náà tọwọ́tẹsẹ̀. Kò jẹ́ fi ife ẹnikẹ́ni mu omi. Bí ẹnì kan bá sín nínú yàrá, á dìde. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á jókòó, á na apá sílẹ̀ bí ẹni tó ń ta ìlú lọ́rẹ.

Nǹkan kan wà tí a ń ṣe níbẹ̀ tí kò dára, gbogbo wa la sì jọ ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ àlejò wá, a máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lò ó. Ti Ẹ̀gbọ́n, rárá o. Bí ti àtijọ́ bá ti ń tán, á fún wa ní tuntun, a ó yọ omi rẹ̀ sínú túùbù wẹ́wẹ́, ó di fírísà. Ta ló fẹ́ yẹ Ẹ̀jẹ̀ Mímọ́ wò? Lójú wa, bí ìgbà tí èèyàn ń bi ìyá rẹ̀ pé ṣé òun ló bí òun ni.

Ọjọ́ ìdánwò ìkẹta, olú iléeṣẹ́ rán olùyẹ̀wò sí wa, obìnrin kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́rùn, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í bínú. Ó dúró lẹ́yìn Onímáṣíìnì. Èmi dúró lẹ́yìn òun. Ẹ̀gbọ́n gbé túùbù tuntun wá, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lára rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, kò sì lọ. Onímáṣíìnì kán ẹ̀jẹ̀ sí àwo, ó fọ̀ ọ́, ó kán oògùn tó ń mú àwọ̀ jáde sí i, a wá ń dúró. Ihò tó mọ fáírọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ń di búlúù díẹ̀díẹ̀. Inú mi ń dùn. Lẹ́yìn náà ló kán ásíìdì sí i, búlúù sì yí di yẹ́lò lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí mo fẹ́ràn jù láti máa wò nìyẹn láyé yìí.

Ìlà tó yẹ kó di yẹ́lò di yẹ́lò. Ìlà Ẹ̀jẹ̀ Mímọ́ náà di yẹ́lò.

Ọ̀gá ní kí Onímáṣíìnì tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Yẹ́lò.

Olùyẹ̀wò bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Áńtíjìn tó bá ń dá gbogbo ẹ̀jẹ̀ mọ̀ kò mọ ẹnì kankan. Bí a bá gbé èyí jáde, a ó máa sọ fún aboyún tí kò ní nǹkan yìí rí pé ó ti ní in. Kò ní ṣọ́ra mọ́. Ọ̀sán ọ̀la ni mo ń lọ. Ohun tí mo bá rí ni màá kọ."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, ìyẹn ló tún jẹ́ kó dùn mí jù. Mo rí àpótí wọ́ọ́rọ́ mi tí wọ́n ti yọ iná rẹ̀. Mo rí páálí tí wọ́n tò dé àjà nínú yàrá mi. Ṣùgbọ́n mo tún wo àwo náà dáadáa. Ihò tí a kò kán ẹ̀jẹ̀ kankan sí mọ́ gaara. Bí áńtíjìn mi bá dọ̀tí, tó bá ń gbó gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, ihò yẹn náà ì bá ti pọ́n díẹ̀, ó kéré tán. Ojú mi là. Ẹnu mi sì yára ju ọgbọ́n mi lọ, bó ṣe máa ń ṣe.

Mo ní, "Áńtíjìn mi kò dọ̀tí. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn wò."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?" Ẹ̀gbọ́n ló bi mí. Ó bi mí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀jẹ̀ tuntun yìí ni. A ò yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lò ó. Ó lè jẹ́ pé ó ti yí padà."

"Yí padà di kí ni?"

Kí n tó dáhùn, Onímáṣíìnì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Itọ́ ló ń gbé e kiri o, Màmá. Ta lẹ fẹnu kò lẹ́nu tẹ́ ò sọ fún wa?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí Ọ̀gá bá lè gbá a létí, ì bá gbá a. Ojú Ẹ̀gbọ́n le koko. Kò wo Onímáṣíìnì rárá. Èmi ló ń wò.

"Látọjọ́ tí ọkọ mi ti kú," ó ní, "kò sẹ́ni tó rí ẹsẹ̀ ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà mi. Ìyàwó àbúrò mi, ṣé níwájú àlejò lo wá fẹ́ bọ́ mi sí ìhòòhò, nítorí kí iṣẹ́ rẹ má baà bàjẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀..."

"Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ẹ má tún fi ṣe nǹkan kan mọ́, tuntun ni o, àtijọ́ ni o. Ẹ̀jẹ̀ mi ni, mo gbà á padà."

Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. A kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ wò láìgbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lè gbà á padà nígbà tó bá wù ú. Ọ̀gá kò lè ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, túùbù ti àtijọ́ ṣì kù díẹ̀ nínú fírísà. Ká ní a kán ti àtijọ́ sórí áńtíjìn mi, ká kán ti tuntun sórí áńtíjìn òkèèrè tí olùyẹ̀wò gbé wá, ọ̀rọ̀ tán. Ohun tó lè gbà mí wà níbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀kùn rẹ̀, n kò sì lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n ti fírísà, ó bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó họrí.

Ó ní, "Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Kí n bẹ̀ ẹ́ fún kí ni? Mo purọ́ ni?"

"O ò purọ́. Lọ bẹ̀ ẹ́ fún ẹnu ẹ."

Mo gba ilé Ẹ̀gbọ́n lọ ní ìrọ̀lẹ́, inú ń bí mi, mo tún ń bẹ̀rù. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó padà wá bá a gbé nígbà tó bímọ, àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ yìí, wọ́n wá a títí. Ọkọ ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, wọ́n ti ń sunkún ọmọ kí Ọlọ́run tó dá wọn lóhùn. Obìnrin ni, ó ti ń dìde dúró, ó sì ń da itọ́ bí ẹ̀rọ omi tí kò ṣeé tì. Ọ̀gá Itọ́ ni gbogbo wa ń pè é. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ibi ìtọ́jú ọmọ ló ń wà lójúmọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń lọ mú un bó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó gbé Ọ̀gá Itọ́ sórí itan, ó ń fún un lóúnjẹ. Mo kí i. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ẹ̀yìn orí. Mo jókòó sétí àga, mo ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bu oúnjẹ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ètè tọ́ ọ wò bóyá ó gbóná, ó fi sọ́mọ lẹ́nu. Ọmọ gbé ìdajì mì, ó tu ìdajì síta. Ẹ̀gbọ́n fi ṣíbí gba èyí tó tu, ó sì jẹ ẹ́. Ó tún bu òmíràn. Ọmọ ti ọwọ́ rẹ̀ tó tutù fún itọ́ bọ Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n fi ètè ti ọwọ́ náà, ó ń dá a lára yá, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, itọ́ ń fà láàárín àwọn méjèèjì. Obìnrin tí kì í fi ife ẹlòmíì mu omi nìyẹn.

Mo fẹ́ pa á mọ́ra, mi ò lè pa á mọ́ra. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ibà kékeré tó ṣe yín nígbà kan, tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ amúlétutù ibi iṣẹ́ ló fà á, tí ọ̀fun ń dùn yín, tó ń rẹ̀ yín. Ìgbà wo ni?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí..."

Ṣíbí dúró láàárín ọ̀nà. Ó pẹ́ ju mi lọ nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ. Ó mọ bí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣe máa ń fún ara wọn ní fáírọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n bá ti jọ ń ṣeré, tí wọ́n jọ ń há ìṣeré kan náà sẹ́nu. Ó wo ọmọ, ọmọ wò ó, ọmọ sì la ẹnu, ó ń dúró de oúnjẹ.

"Ọmọ náà ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Kò ní ṣe é ní nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti bí i kó tó kó o. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀." Ó fún ọmọ lóúnjẹ náà. Ó nu ẹnu rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, èmi kọ́ ló jọ pé ó ń bá sọ̀rọ̀. "Ṣé o mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ mi fi mọ́ títí di àsìkò yìí? Kí ọmọ yìí tó dé, kò sẹ́ni tó ń bá mi jẹun. Kò sẹ́ni tó ń tọ́ oúnjẹ mi wò. Ife kan, àwo kan, ṣíbí kan. Ẹ wá sọ ọ́ di oyè fún mi, èmi náà sì gbà á, torí oyè sàn ju àánú lọ."

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Mo ti ń bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, mo mọ bó ṣe ń rìn, mo mọ bó ṣe ń bínú, mi ò mọ èyí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ojú tì mí pẹ̀lú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "mi ò wá torí áńtíjìn mọ́."

"Irọ́ lo ń pa," ó ní. "Máa lọ sílé. Gbé àwo yẹn bá mi dé ìdáná bó o bá ń lọ."

Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùyẹ̀wò ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Ọ̀gá jókòó, ó fọwọ́ lérán. Mo wà nínú yàrá sẹ́ẹ̀lì, mò ń bọ́ àwọn ọmọ mi bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ tó máa rìnrìn àjò, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n lóde. Mo jáde, mo ṣì wọ ìbọ̀wọ́ mi.

Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí òde ńlá ló wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù funfun. Kọ́kọ́rọ́ fírísà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, mo fọwọ́ sí i. Ẹ kán tuntun sórí áńtíjìn òkèèrè. Ẹ kán ti àtijọ́ sórí ti ẹni yìí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ òmíràn, apá mi rèé."

Olùyẹ̀wò sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

Onímáṣíìnì ṣe é. A dúró yí àwo náà ká. Mo ti wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo láyé mi, n kò wo èyíkéyìí bẹ́ẹ̀ rí. Lórí áńtíjìn òkèèrè, ẹ̀jẹ̀ tuntun Ẹ̀gbọ́n di búlúù, ó sì di yẹ́lò, yẹ́lò tí kò ṣeé jiyàn. Lórí áńtíjìn mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ wà gaara. Gaara. Bí omi inú ife. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé a ò kán nǹkan kan sí i.

Mi ò pariwo. Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò pariwo.

Olùyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ wo àwo náà fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Áńtíjìn yìí kò ní àléébù. Ó rí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò rí." Ó wá yíjú sí Ọ̀gá, ó ní kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ pé kí wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni yòówù. Ọ̀gá gbà. Gbogbo wa gbà. Ìbáwí náà tọ́ sí wa.

Onímáṣíìnì rìn lọ bá Ẹ̀gbọ́n, ó tẹrí ba. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá, ẹ dárí jì mí."

"O ò ṣì sọ," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Mo fẹnu ko ẹnì kan lẹ́nu lóòótọ́." Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ń fi han gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ọ̀dọ̀ olùyẹ̀wò pẹ̀lú. Ọ̀gá Itọ́ ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán. "Ẹni tó fún mi nìyí. Ọmọ ọmọ mi ni. A sunkún rẹ̀ kó tó dé. Ẹ wò ó dáadáa."

Olùyẹ̀wò tí kì í rẹ́rìn-ín wá rẹ́rìn-ín. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ẹ̀gbọ́n ṣí fírísà. Ó ya bébà tí wọ́n kọ Ẹ̀jẹ̀ Mímọ́ sí kúrò, ó rọra ká a, ó fi sápò. "Ẹ wá ẹlòmíì," ó ní. "Èmi ti ń bá èèyàn jẹun."

Olùyẹ̀wò mú bírò rẹ̀. "Kí n tó kọ ọ́ pé ẹ lè máa lo tiyín," ó ní, "ta gan-an ló ṣe áńtíjìn yìí?"

Ọ̀gá la ẹnu láti dáhùn. Èmi náà la ẹnu, torí ẹ mọ̀ mí, mo ti ní ọ̀rọ̀ ìfọ́nnu kan nílẹ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n yára ju àwa méjèèjì lọ. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó nàka sí mi, bó ṣe dúró ṣánṣán yẹn.

"Ìyàwó mi ni," ó ní.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ sá lọ. Ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, a kì í sì í fi ìbọ̀wọ́ kan ojú ní ibi iṣẹ́ wa. Mo dúró síbẹ̀, mo jẹ́ kí omijé mi máa ṣàn.